Ibi tí Bàámi Ti Sọ̀ Kalẹ̀

Ẹnu Bàámi kò sọ "mo gun òkè Ọ̀kà" rí. "A gun òkè Ọ̀kà" ni wọ́n máa ń wí, nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ń ròyìn ìrìn àjò ayé ọjọ́un láti Ìfira lọ sí Ìkàrẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé àwọn àti kẹ̀kẹ́ ológeere wọn ni wọ́n ń pè ní "a". Kẹ̀kẹ́ náà, Raleigh dúdú tí wọ́n rà kí wọ́n tó bí mi, wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa bí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń fi àkísà àti epo nù ún, wọ́n á nù ún títí dé sípókù táyà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń tọ́jú nǹkan báyìí lè máa kà á mọ́ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún ara mi, ìtumọ̀ náà sì tẹ́ mi lọ́rùn fún ogójì ọdún.

Iṣẹ́ alágbàtà kòkó ni Bàámi ṣe nígbà èwe wọn, láàárín ọdún 1960 sí nǹkan bí 1970. Wọ́n á ra kòkó gbígbẹ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Ìfira àti abúlé tó yí i ká, wọ́n á rọ ọ́ sápò, wọ́n á so àpò náà mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n á sì gbé e lọ fún ọ̀gá wọn ní Ìkàrẹ́. Àpò kòkó 16 ló ń di tọ́ọ̀nù kan, àpò kan ṣoṣo sì lé ní 60 kílò. Bí mo bá wo fọ́tò ìgbéyàwó wọn, ó dá mi lójú pé àpò náà wúwo tó àwọn fúnra wọn. Àpá dúdú kan wà ní èjìká ọ̀tún wọn, awọ ibẹ̀ le bí àtẹ́lẹsẹ̀. Bí a bá bèèrè, wọ́n á ní kòkó ló kọ ọ́ síbẹ̀. A kò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bèèrè tí wọn kò dáhùn dáadáa. Mo ní, "Bàámi, ibo gan-an lẹ ti máa ń sọ̀ lórí òkè Ọ̀kà kí ẹ tó máa ti kẹ̀kẹ́?" Wọ́n ní, "Níbi tí òkè bá ti ní ká sọ̀ ni." Wọ́n ti lọ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Nígbà tí ọmọkùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Àkúrẹ́ sọ fún mi pé àwọn kan fẹ́ kó ara wọn jọ láti gun kẹ̀kẹ́ láti Ọ̀wọ̀ wọ inú Àkókó lọ, kí wọ́n sùn ní Ìfira, kí wọ́n sì gba Ìkàrẹ́ jáde ní ọjọ́ kejì, ìbéèrè yẹn ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo ní kí ó kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Nígbà ọdún Kérésìmesì mo lọ sílé. Mo tan iná fóònù sí Raleigh náà, mo sì ka eyín rẹ̀. Eyín 46 ló wà lára irin roboto tí pẹ́dà ń yí níwájú, 18 ló wà lára ti ẹ̀yìn. Ìyẹn ni pé bí ẹsẹ̀ bá yí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan, táyà ẹ̀yìn á yí ju ẹ̀ẹ̀mejì àti ààbọ̀ lọ, kẹ̀kẹ́ á sì ti fò síwájú ju mítà márùn-ún àti ààbọ̀ lọ. Ayọ̀ ni lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Lórí òkè, bí ẹni ń fi okùn fa màlúù tí kò fẹ́ dìde ni. Kẹ̀kẹ́ tèmi, tòkunbọ̀ tí mo rà ní Àkúrẹ́, ní gíà. Bí mo bá gbé ṣéènì sí èyí tó fúyẹ́ jù, mítà méjì lé díẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ń gbé mi lọ lẹ́ẹ̀kan, mi ò sì ru kòkó. Gíà kan ṣoṣo ni Bàámi ní. Kódà, àwọn tó ń díje nínú ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour de France, tí wọ́n ti ń gùn ní ilẹ̀ Faransé láti ọdún 1903, kò gba àṣẹ láti lo ẹ̀rọ tó ń pààrọ̀ gíà títí di ọdún 1937. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ gíà tó fúyẹ́ á sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, á tú táyà ẹ̀yìn, á yí i padà, á tún un dì.

Nítorí náà wọ́n sọ̀. Kò sí bí wọn kò ṣe ní í sọ̀. Ibo ni mo fẹ́ mọ̀.

Agogo mẹ́fà kọjá díẹ̀ la gbéra ní Ọ̀wọ̀, nínú ọyẹ́ tó ń ta ètè. Àwa méjìlélógún ni: tíṣà, nọ́ọ̀sì, akẹ́kọ̀ọ́, télọ̀, ọkùnrin kan tó ń tún fíríìjì ṣe, àti bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Bọ́ọ̀sì kan ń tẹ̀ lé wa, ó ru omi, ọ̀gẹ̀dẹ̀, túùbù, àti ẹnì kan tó mọ táyà í lẹ̀. Àwọn tó ṣètò ìrìn náà ti fi tó ọlọ́pàá àti ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn létí, torí ọ̀nà yìí kò rí bí ó ṣe rí nígbà Bàámi mọ́. Nígbà tiwọn, wọ́n máa ń jáde nílé kí àkùkọ tó kọ, ejò ni ìyá wọn sì ń bẹ̀rù fún wọn. Lónìí, ẹni tí kò bá pọn dandan fún kì í gba ọ̀nà Àkókó lóru, nítorí àwọn ajínigbé. Ó dùn mí láti kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ọ̀nà ilé mi ni.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi ni bí a ṣe ń tọ ara wa lẹ́yìn. Ẹni iwájú ló ń la afẹ́fẹ́. Ẹni tó tẹ̀ lé e, bí ó bá sún mọ́ ọn dáadáa, agbára tí yóò lò á dín kù lọ́nà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá rẹ ẹni iwájú, á yà sápá òsì, á jẹ́ kí àwọn yòókù kọjá, á bọ́ sẹ́yìn, ẹlòmíràn á sì gba iwájú. Ẹni tó bá rí kòtò á na ọwọ́ sí i, á pariwo "Kòtò!", ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà á pariwo, títí ọ̀rọ̀ náà á fi dé ọ̀dọ̀ ẹni ìkẹyìn. Láti Ọ̀wọ̀ dé Ọ̀bà Àkókó, "kòtò" yìí ń lọ láti ẹnu dé ẹnu tó fi di orin létí mi. Ọmọdé tó wà lẹ́bàá ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa gbè é.

Ohun kejì ya mi lẹ́nu. Ẹni tó lágbára jù nínú wa, ọ̀dọ́mọkùnrin télọ̀ kan tí itan rẹ̀ dà bí ìtì igi, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi í sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tí yóò wà lẹ́yìn òun. Bí ẹnì kan bá dúró, òun náà á dúró. Bí ẹnì kan bá ń fẹsẹ̀ rìn, òun náà á fẹsẹ̀ rìn. Mo bi í bóyá kò wù ú kó sáré. Ó ní, "Àǹtí, ó wù mí o. Tó bá di ọjọ́ mìíràn, màá sá a."

A dúró ní Àkùngbá. Níwájú Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin, tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1999, ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá sáàárín ọjà. Ní January 2021, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan já wá láti orí ìdagẹ̀rẹ́ náà, ó sì ya wọ inú àwọn ìsọ̀. Ó pa àwọn ọlọ́jà, ó pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn jáde láti ra nǹkan jẹ. Nọ́ọ̀sì tó wà pẹ̀lú wa mọ ọ̀kan lára àwọn òbí wọn. A ṣí akoto kúrò lórí, a sì fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ wa kọjá níbẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ mọ ohun tí ìdagẹ̀rẹ́ lè ṣe: ìka méjì péré tó wà lórí bùréèkì ló wà láàárín òun àti ikú. Ọkọ̀ tó ru ẹrù tọ́ọ̀nù ọgbọ̀n kò yàtọ̀, àfi pé kì í ṣe awakọ̀ nìkan ló ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Títí di òní olónìí, ó ń bí mi nínú pé àárín ọjà àti ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì ń gbà.

Láti Àkùngbá a yà sí ọ̀nà Ọ̀kà. Ẹni tí kò bá tíì dé Ọ̀kà rí lè rò pé ìlú tó ní òkè ni. Òkè ló ní ìlú níbẹ̀. Àdúgbò lórí àdúgbò ló fara ti àpáta. Ibi tí o bá yíjú sí, òkúta ńlá ló ń wò ọ́. Orí ọ̀kan nínú wọn, Òkè Maria, ni àwọn Kátólíìkì ń gùn lọ gbàdúrà lọ́dọọdún. Bí ilẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dìde ni mo rí i pé gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi láàárọ̀ ti di asán. Kí n sún mọ́ ẹni iwájú kò wúlò mọ́, torí a kò sáré tó kí afẹ́fẹ́ tó dí wa lọ́nà. Lórí òkè, ohun tó ń fà ọ́ sẹ́yìn ni ara rẹ àti ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè bá ọ pín in. Kíá la ti tú ká bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já.

Mo gbé ṣéènì sí gíà tó fúyẹ́ jù. Mo ń wo táyà iwájú. Òógùn ń kán láti imú mi sórí irin kẹ̀kẹ́, mo sì ń kà á: ẹ̀kán kan, pẹ́dà mẹ́ta, ẹ̀kán kan, pẹ́dà méjì. Lápá ọ̀tún, ìyá kan tú gbágùúdá gígé sórí àpáta títẹ́jú, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ láti sá a. Àpáta yẹn ló pọ̀ jù lára ohun tí Ọlọ́run fún wa ní Àkókó, àwọn ìyá wa sì sọ ọ́ di àwo. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o." Mo fẹ́ dá a lóhùn, èémí kò sí. Táyà iwájú ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì. Mo sọ̀ kalẹ̀.

Ojú tì mí, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Mo ń ti kẹ̀kẹ́, mo sì ń wo ìdí igi tí àwọn tó ṣáájú ti ń dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin télọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn mi, ó ń ti tirẹ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè gun òkè yẹn kó máa kọrin. Mo rántí ìtàn tí mo kà nípa ọdún 1910, ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn olùdíje Tour de France gba orí àwọn òkè Pyrenees. Octave Lapize ló kọ́kọ́ dé orí Tourmalet, òkè tó ga ju mítà 2,100 lọ. Nígbà mìíràn ó ń gùn ún, nígbà mìíràn ó ń fẹsẹ̀ rìn, ó ń ti kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀nà tó dà bí ipa ẹran. Òun náà ló gba ipò kìíní ní ọdún yẹn. Ìtàn náà ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni pé, nígbà tí mo dé ìdí igi, gbogbo wọn ṣì wà níbẹ̀.

Láti Ọ̀kà a sọ̀ lọ sí Ẹpinmi, lẹ́yìn náà Ìṣùà. Afẹ́fẹ́ ń lu mi láyà, omijé ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi lọ sí etí. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lórí ọ̀nà yìí ni bí ìkíni ṣe ń yí padà. Ẹni tó wà nínú mọ́tò kò lè mọ̀ ọ́n, torí gíláàsì wà lókè. Ní Ìṣùà, Uhami ni èdè àwọn àgbà, èdè tó bá Ẹ̀dó tan ju Yorùbá lọ. Ní Ẹpinmi, Ukue ni, òun náà sì wà nínú ẹbí yẹn. Láàárín ìwọ̀nba kìlómítà tí kò ju ìgbà tí ènìyàn fi ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì lọ, wọ́n ti kí wa ní oríṣi èdè mẹ́ta. Àwọn ọmọ kékeré kàn ń pariwo "kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́", ìyẹn yé gbogbo wa.

Ìrọ̀lẹ́ la wọ Ìfira. Àwọn ìbátan mi ti gúnyán. Ẹni tí kò bá tíì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wa ara rẹ̀ láti Ọ̀wọ̀ dé Ìfira kò tíì mọ bí iyán ṣe ń wọlé. Lẹ́yìn oúnjẹ, àwọn ọ̀dọ́ jókòó yí fóònù kan ká, wọ́n ń wo ìdíje kẹ̀kẹ́ àgbáyé tó wáyé ní Kigali ní September 2025, ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ wá sí Áfíríkà. Lórí àwọn òkè Rwanda náà, kìlómítà 267 àti ààbọ̀ ni àwọn ọkùnrin gùn ní ọjọ́ ìkẹyìn, Tadej Pogačar ló sì borí. Ọgbọ̀n ènìyàn péré ló parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan Biniam Girmay, ọmọ Eritrea tó gba ipò kìíní lọ́jọ́ mẹ́ta nínú Tour de France ti ọdún 2024, ohùn wọn sì ròkè. Inú mi dùn láti gbọ́ ọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Raleigh dúdú náà.

Ọ̀rẹ́ Bàámi kan wá kí wa. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n fi ọ̀pá yí gbogbo kẹ̀kẹ́ wa po, wọ́n ń fọwọ́ kan bùréèkì, wọ́n ń fọwọ́ tẹ táyà. Nígbà tí wọ́n jókòó, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì bi wọ́n ní ohun tí mo tìtorí rẹ̀ wá.

"Bàbá, ibo ni Bàámi ti máa ń sọ̀ lórí òkè Ọ̀kà?"

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo sọ èdè tí àwọn kò gbọ́. "Bàbá rẹ nìkan?"

"Ẹ̀n, sà."

"Ta ní ń dá lọ sí Ìkàrẹ́? Ìsàlẹ̀ ni gbogbo wa ti ń sọ̀, ọmọ mi. A ò tiẹ̀ dán an wò. Àwa mẹ́fà ni, nígbà mìíràn mẹ́jọ. A á fi kẹ̀kẹ́ gbogbo ti ara igi. Ẹni méjì á mú ọ̀kan; ọ̀kan á di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ìkejì á fi èjìká gbé àpò lẹ́yìn. A á tì í dé òkè, a á gbé e tì, a á sọ̀ kalẹ̀ wá mú òmíràn."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ wá ń gun òkè náà lọ́jọ́ kan?"

"Bí a bá pé, ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ara ẹnì kan kò bá yá, tí kò lè tì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò sẹ́ni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ níbẹ̀ kí ti gbogbo wa tó pé lókè." Wọ́n na ọ̀pá sí Raleigh náà. "Bàbá rẹ kò fẹ́ràn ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ẹ̀yìn àpò ló máa ń wà. Èjìká ló ní, ọkùnrin yẹn."

Mo rántí èjìká ọ̀tún, àti awọ tó le. Mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá náà rò pé ó ti rẹ̀ mí, wọ́n ní kí n lọ sùn.

Ọjọ́ kejì, ìhà tí Bàámi máa ń gbà la gbà: Ìfira, Ìṣùà, Ẹpinmi, òkè. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà lọ́kàn mi, mi ò sì tíì rí ọ̀rọ̀ tí màá fi sọ ọ́. Bí a ṣe dé ìsàlẹ̀, àwọn tó lágbára gbéra, a tú ká bíi ti àná. Ẹsẹ̀ mi dára ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, bóyá iyán ni. Mo sọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo mí, mo tún gùn, mo sì dé òkè kí ìdajì àwọn yòókù tó dé. Wọ́n fún mi lómi. Mo jókòó sórí òkúta, mo sì ń ka orí: méjìdínlógún, ogún. Méjì ló kù.

Mo dìde wò ó. Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni, iṣan ti dì wọ́n ní ojúgun. Wọ́n tẹ̀ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n ń dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin télọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó fi ọwọ́ kan ti kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ọwọ́ kejì kò mọ ibi tí yóò dì mú. Bọ́ọ̀sì dúró lẹ́yìn wọn. Bàbá ń ju ọwọ́ sí i pé kí ó kọjá, àwọn fẹ́ fi ẹsẹ̀ àwọn dé òkè.

Mo fi kẹ̀kẹ́ mi ti ara igi, mo sì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn.

Bàbá ní, "Àǹtí, ẹ ti dé òkè kẹ̀, kí lẹ tún ń wá?" Mo ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n ṣáà di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, kí wọ́n máa wo iwájú. Mo tẹ̀ ba, mo gbé èjìká ọ̀tún sí abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ wọn, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ ti irin ẹ̀yìn. Irin náà gbóná díẹ̀ nínú oòrùn. A bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Láti ibi tí mo wà, mi ò rí orí òkè, mi ò rí àwọn tó ń dúró dè wá. Ohun tí mo ń rí kò ju táyà ẹ̀yìn lọ, àti gìgísẹ̀ bàbá, àti ọ̀dà ojú títì tó ń kọjá lábẹ́ wa díẹ̀díẹ̀.